Òrùlé Màmá Ń Jò: Bí Ẹ Ṣe Lè Jà fún Owó Àtúnṣe Ilé Àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà

Garawa mẹ́ta ni mo kà nínú yàrá Màmá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé wọn. Ọ̀kan wà lórí àga, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì tẹ́ àkísà sínú ẹ̀kẹta kí omi tó ń kán má baà máa dún tó, tó, tó, mọ́jú. Màmá ti sún bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò níbi tí àjà ti jẹrà, wọ́n sún un títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ilẹ̀kùn. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, opó ni wọ́n, wọn ò sì jẹ báńkì kankan ní kọ́bọ̀ lórí ilé náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ nìyẹn: ènìyàn lè ni ilé lódindi ní Amẹ́ríkà kó má lówó tó máa fi lẹ òrùlé rẹ̀. Bí owó Social Security bá ti wọlé, oògùn, iná àti owó orí ilé ló ń gbé e lọ.

Àwa tí a ní irú Màmá bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí, ládùúgbò, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí ni mo kọ èyí fún. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ bá àgbàlagbà kan gba owó tó ti wà nílẹ̀. Èkejì ni pé kí ẹ jẹ́ kí ìjọba fi kún owó náà kí ó lè kan ẹlòmíì. Àwọn tó ń ṣe ọ̀kan kì í sábà ṣe èkejì, lójú tèmi àṣìṣe gbáà sì ni. Ibi tí fọ́ọ̀mù ẹnì kan bá há sí gan-an ni ẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lọ sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín owó ìlú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ilé náà yíká

Ẹ má bi àgbàlagbà pé, "Kí ló bàjẹ́?" Wọ́n á ní kò sí wàhálà, wọ́n á tún fi àdúrà sí i. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí balùwẹ̀, kí wọ́n mú yín gòkè, kí wọ́n tan iná yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń rìn ni kí ẹ máa wò. Ó ya mí lẹ́nu pé Màmá kì í di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, ògiri ni wọ́n ń fara tì, títí ọ̀dà ibẹ̀ fi dúdú kalẹ̀ bí ìlà. Igi ọwọ́ àtẹ̀gùn náà ti yẹ̀, wọn ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Ọ̀rọ̀ ìṣubú kì í ṣe kékeré. Lọ́dọọdún, ó ju ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tó ti lé ní ọdún 65 ní Amẹ́ríkà tó ń ṣubú. Torí náà, irin ìdìmú ní balùwẹ̀, àtẹ̀gùn tó dúró dáadáa àti iná tó mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ àtúnṣe ilé bíi ti òrùlé.

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á. Lẹ́yìn náà, ẹ to àwọn ìbàjẹ́ náà bí ewu wọn ṣe tó: ohun tó lè pa ènìyàn, ohun tó lè ṣe é léṣe, lẹ́yìn náà ohun tí kò kàn dára lójú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá lò ṣe pàtàkì. "Òrùlé ń jò" lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. "Omi òrùlé ń kán sórí àpótí wáyà iná" kò lè dúró.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé ilé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ ti ń kú. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí county ń tọ́jú ìwé ilé sí, tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kí ẹ wo orúkọ tó wà lórí ìwé náà. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọkọ tó ti kú láti ọdún 1998, tàbí ti bàbá bàbá, ẹ ti bá ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní "tangled title" pàdé: ẹni tó ń gbé ilé, tó ń san owó orí rẹ̀, kì í ṣe òun ni ìwé ń pè ní onílé. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ Pew gbé jáde ní ọdún 2021 sọ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ju 10,000 lọ ní Philadelphia nìkan.

Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé ẹbí tí wọn ò pín, tí gbogbo ọmọ bàbá ní ẹ̀tọ́ sí i, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe? Ohun kan náà ni, ìwé ló yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ wá ọ́fíìsì lọ́yà ọ̀fẹ́ tó wà fún àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn, ìyẹn legal aid. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe ọ̀rọ̀ ogún ilé. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìgbéyàwó, bíìlì owó orí ilé àti ti ìbánigbófò dání. Bí àwọn ọmọ bá pọ̀, ẹ tètè pe gbogbo wọn jọ sórí fóònù, torí ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò gbọ́ nǹkan kan ló sábà ń dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí ó lè yá, kí àgbàlagbà kàn kọ ilé sórúkọ ọmọ kan. Bí wọ́n bá lọ béèrè pé kí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn, gbé owó ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ìjọba máa wo oṣù 60 sẹ́yìn fún ohun tí wọ́n ti fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ, ìyà rẹ̀ sì máa ń wúwo. Ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ẹ tún wádìí bóyá gbèsè owó orí ilé wà. Ọ̀pọ̀ ètò kì í dá ẹni tó jẹ gbèsè náà lóhùn àfi tó bá ti bá ìlú ṣe àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣe àdéhùn yẹn kí ẹ tó mú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí gan-an sì jẹ́ ohun tí ẹ lè bá ìjọba jà lé lórí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran àwọn tí àjálù bá lọ́wọ́, yí ìlànà wọn padà: ẹni tó jogún ilé tí kò ní ìwé tó pé lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀rí pé òun ló ni ín. Bí ìjọba àpapọ̀ bá lè ṣe é lẹ́yìn ìjì, ẹ bi káńsẹ́lọ̀ yín ìdí tí ìlú yín ò fi lè ṣe é fún òrùlé tó ń jò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ibi tí owó wà

Bí ìgbèríko ni ilé wà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ètò Section 504 lọ́wọ́ USDA Rural Development, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbèríko. Ó wà fún onílé tí owó tó ń wọlé fún un kéré gan-an. Wọ́n lè yá a ní owó tó tó 40,000 dọ́là, èlé rẹ̀ jẹ́ 1%, ọdún 20 ni wọ́n fi ń san án. Ẹni tó ti pé ọdún 62 tí kò lè san ẹ̀yáwó padà lè gba owó ọ̀fẹ́ tó tó 10,000 dọ́là láti mú ohun tó léwu fún ìlera àti ààbò kúrò nínú ilé. Àmọ́ bí ó bá ta ilé náà kí ọdún mẹ́ta tó pé, ó máa dá owó ọ̀fẹ́ náà padà. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ pẹ̀lú, kì í ṣe fún Màmá nìkan.

Bí ìgboro ni, owó CDBG (Community Development Block Grant), tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìlú, ló sábà ń wà nídìí ètò àtúnṣe ilé tí ìlú ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n máa ń pè é. Ọdún 1974 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dá a sílẹ̀, ó kéré tán 70% rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣe àǹfààní fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n. Ẹ fi CDBG sọ́kàn, a ń bọ̀ wá bá a.

Weatherization Assistance Program, tó ti wà láti ọdún 1976, ń dí ihò tí òtútù ń gbà wọlé, ó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe, ọ̀fẹ́ ni, àgbàlagbà sì wà lára àwọn tí wọ́n ń fún láǹfààní àkọ́kọ́. Wàhálà rẹ̀ kan wà tí ó máa ń bí mi nínú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá dé tí wọ́n rí i pé òrùlé ń jò tàbí wáyà iná ti gbó, wọ́n máa ní àwọn ò lè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lọ tún ìyẹn ṣe ná. Wọ́n jàre lóòótọ́: ta ló máa fi nǹkan adínòtútù sábẹ́ òrùlé tó ń jò? Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó òrùlé ló wá bá wọn, ibi tó ti wá náà ni wọ́n dá a padà sí. Èyí náà wà lára ohun tí ẹ máa gbé lọ sí ìjókòó ìlú: kí wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn ilé tí Weatherization bá dá padà.

Àwọn ẹgbẹ́ bíi Rebuilding Together àti Habitat for Humanity náà ń tún ilé àgbàlagbà ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ máa gbà wọlé rárá, ẹ pe Eldercare Locator ní 1-800-677-1116. Wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ Area Agency on Aging tó wà ní agbègbè yín, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ti pé ọdún 60 sókè.

Ìgbésẹ̀ 4: Fọ́ọ̀mù

Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọjọ́ àti ohun tó sọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa retí, ẹ béèrè nọ́mbà ẹ̀kelòó ni Màmá wà lórí ìlà, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ tún béèrè ilé mélòó ni wọ́n tún ṣe lọ́dún tó kọjá. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí ẹ ṣe lè pe ìpinnu náà níjà. Ẹ ò lè fi rárá tí wọ́n fi ẹnu lásán sọ lórí fóònù ṣe nǹkan kan.

Àgbàlagbà ló ní ìwé, ọmọdé ló mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ jókòó pa pọ̀ ṣe é lọ́jọ́ kan náà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín owó

Èyí ni mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń dé ọ́fíìsì nígbà tí owó ti tán, a wá ń bẹ akọ̀wé tí kò ní agbára kankan. Ibòmíì ni wọ́n ti pín owó náà, lọ́pọ̀ oṣù ṣáájú, nínú yàrá tí àga òfìfo pọ̀ sí.

Òfin fún wa láyè nínú yàrá yẹn. Ìlú tàbí county tó ń gba CDBG tààrà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ètò bó ṣe máa ná an lọ́dọọdún. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìjókòó gbangba méjì ó kéré tán lọ́dún. Ó gbọ́dọ̀ fún ará ìlú ní ọjọ́ 30 ó kéré tán láti sọ tẹnu wọn lórí ètò náà kí ó tó lọ sí Washington. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ó gbọ́dọ̀ kọ àkópọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ mọ́ ètò náà, kí ó sì sọ ìdí tí kò fi gba èyí tí kò bá gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú mọ ìyẹn dáadáa. Níbi tí wọ́n bá ti ń retí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa máa wá, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣètò fún wọn. Ẹ kọ̀wé béèrè ògbufọ̀ Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ irú ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ pe ọ́fíìsì ìlú tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, kí ẹ béèrè ọjọ́ ìjókòó lórí "Annual Action Plan". Orúkọ tí ẹ máa pè gan-an nìyẹn, torí bí ẹ bá sọ pé "ìpàdé lórí àtúnṣe ilé", ẹni tó gbé fóònù lè sọ pé kò sí irú ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà. Ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ń fún olúkúlùkù. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Ta ló máa sọ̀rọ̀? Màmá ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi tí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wọ́n lọ lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, àwọn káńsẹ́lọ̀ á máa wo fóònù wọn. Ohun tí a jọ tò sílẹ̀ nìyí, tí wọ́n fi Yorùbá sọ, tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa kan sì túmọ̀:

"Ẹ káalẹ́ o. Ẹni ọdún 78 ni mí, mo sì ti wà nínú ilé mi fún ọdún 31. Òrùlé mi ń jò láti ìgbà òtútù èṣí. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù yín, ẹ sì fún mi ní nọ́mbà 420. Ẹ sọ fún mi pé ilé 60 ni ẹ tún ṣe lọ́dún tó kọjá. Tí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, màá ti pé ọdún 85 kí ó tó kàn mí. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ilé 60 di 120 nínú ètò ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ mú owó rẹ̀ nínú CDBG. Ẹ ṣeun."

Kò pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Kò sí ẹkún níbẹ̀, kò sí ìtàn gígùn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ: ẹni tí mo jẹ́, ohun tó ṣe mí, nọ́mbà tí ẹ̀yin fúnra yín fún mi, ohun tí mo fẹ́, ibi tí owó máa ti wá. Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá kàn ní "ẹ ràn wá lọ́wọ́", wọ́n á ní àwọn gbọ́, yóò sì parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ìjókòó, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ 30 náà tó pé, kí ó lè wọ inú àkópọ̀.

Ẹ má lọ ní ẹyọ ẹnì kan. Àgbàlagbà mẹ́rin láti adúgbò mẹ́rin, tí káńsẹ́lọ̀ wọn yàtọ̀ síra, sàn ju ogójì ènìyàn láti inú ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ. Ẹ ṣètò mọ́tò tó máa gbé wọn. Àgbàlagbà kì í fẹ́ wakọ̀ lálẹ́, alẹ́ sì ni wọ́n sábà ń ṣe ìjókòó yìí.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gòkè ju ìlú lọ

Ìpínlẹ̀ náà lè ná owó tirẹ̀. Ní ọdún 2022, Pennsylvania ya 125 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ètò Whole-Home Repairs, tí sẹ́nétọ̀ Nikil Saval gbé kalẹ̀. Nígbà náà, onílé tó tóótun lè gbà tó 50,000 dọ́là. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ débi pé ní ọ̀pọ̀ county, ìlà kún fọ́fọ́. Bí ẹ bá ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ mú un lọ bá aṣòfin yín: ẹ ní ibì kan ti ṣe é.

Ẹ tún mú ọ̀rọ̀ ètò CAPABLE dání, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti Johns Hopkins ní Baltimore. Nọ́ọ̀sì kan, ẹnì kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ láìfara pa, àti oníṣẹ́ ọwọ́ kan máa ń lọ sílé àgbàlagbà fún oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà á kan irin ìdìmú, á tún àtẹ̀gùn ṣe. Ìṣirò wọn ni pé nǹkan bí 3,000 dọ́là ni wọ́n ń ná lórí ẹnì kan, ó sì ń dín ju 20,000 dọ́là kù nínú owó ìwòsàn. Àwọn aṣòfin tí kò ka ọ̀rọ̀ òrùlé sí máa ń tẹ́tí sí èyí.

Ní ti Washington, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín kí oṣù kẹwàá tó wọlé, torí ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ọdún ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àbá ìṣúná ọdún 2018, ààrẹ ìgbà náà ní kí wọ́n pa CDBG rẹ́ pátápátá. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò gbà, ńṣe ni wọ́n fi kún un. Àwọn ìlú kékeré àti ńlá ló pariwo.

Bí ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ tí kì í san owó orí, ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí owó àtúnṣe ilé níwọ̀nba. Ẹ má ṣe sọ fún ìjọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ṣọ́ àwọn tó máa kan ilẹ̀kùn

Bí ìròyìn bá ti tàn pé owó ń bọ̀, agbaṣẹ́ṣe tí ẹnikẹ́ni kò pè á dé. Á ní òun ń ṣiṣẹ́ nítòsí, òun rí òrùlé Màmá, kí wọ́n fọwọ́ síbí. Nígbà mìíràn ohun tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ ẹ̀yáwó tí wọ́n fi ilé ṣe ìdúró fún. Òfin ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó fọwọ́ sí i láyè títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ iṣẹ́ kẹta láti fagi lé ọjà tí wọ́n wá tà fún un nílé. Bákan náà ni fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó tuntun tí wọ́n fi ilé tí ènìyàn ń gbé dúró fún. Kí àgbàlagbà pe yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ̀wé ìfagilé, kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Bí ìlú bá rán agbaṣẹ́ṣe wá, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti lọ́jọ́ ìkẹyìn. Kí Màmá má fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí títí òjò kan yóò fi rọ̀ tàbí tí olùyẹ̀wò ìlú yóò fi gòkè lọ wò ó. Ọmọkùnrin tó ṣe òrùlé Màmá ní ó ti parí ní ọjọ́ Ẹtì. A ní kí ó dúró. Lọ́jọ́ Ajé, omi kán láti etí ṣímínì. Ó padà wá, ó dí i, kò sì gba kọ́bọ̀ sí i.

Wọn ò sọ 60 di 120 lọ́dún yẹn. Wọ́n sọ ọ́ di 85, wọ́n sì kọ orúkọ Màmá sínú àkópọ̀ ìwé náà, ojú ìwé 47, wọ́n sì ṣì í kọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Màmá ló pè mí pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n tún ń ṣe ìpàdé yẹn? Màá bá wọn tún orúkọ mi ṣe."